Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Orúkọ àti Ìrísí nínú Kóòdù Ojú-ewé Ayélujára

 

1. Ìfáàrà

Kókó tí mo yàn lè jọ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan lójú àwọn kan nínú yín. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ àti ìwé kíkà ni. Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó lè ka ohun tí a kọ àti ẹni tí kò lè kà á ni. Láyé òde òní, orí ayélujára ni a ti ń wo èsì ìdánwò, ibẹ̀ ni a ti ń gba fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé sí yunifásítì, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi owó ránṣẹ́ tí wọ́n sì ti ń gbà á. Ẹni tí kò bá lè ka ojú-ewé tí a gbé síbẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí a tì ni ó wà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó kọ ojú-ewé náà gan-an ni ó ti ilẹ̀kùn ọ̀hún. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ burú. Nígbà tí ó ń kọ́ iṣẹ́, ìrísí ni a kọ́ ọ láti máa wò. A kò kọ́ ọ ní orúkọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni mo fi ṣe òpó tí ọ̀rọ̀ mi yóò fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ó ń kọ kóòdù ojú-ewé, ìsọmọlórúkọ ni ó ń ṣe, nítorí pé gbogbo ohun tí ó bá gbé sójú-ewé ni ó gbọ́dọ̀ fún ní orúkọ. Bí ó bá wo ohun tí nǹkan náà jẹ́ àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀nà yóò là fún gbogbo òǹkàwé. Bí ó bá jẹ́ pé bí ó ṣe rí lójú nìkan ni ó wò, àwọn tí ojú wọn ríran nìkan ni ó kọ̀wé fún, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

2. Ohun tí orúkọ jẹ́ nínú kóòdù

Ní ọdún 1989 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí ìmọ̀ físíìsì tí ó wà nítòsí ìlú Geneva, kọ àbá tí ó di ayélujára tí a mọ̀ lónìí. Ní 1991 ni àwọn ará ìta bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lò. Èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé rẹ̀ ni a ń pè ní HTML. Èdè náà kò ṣòro. Ọ̀rọ̀ lásán ni a ń kọ, a ó sì fi àmì kan ṣí i níwájú, a ó fi àmì mìíràn pa á dé lẹ́yìn. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé, láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àmì wọ̀nyí kì í sọ bí nǹkan yóò ṣe rí. Ohun tí nǹkan jẹ́ ni wọ́n ń sọ. Àmì h1 ń wí pé àkọlé àgbà nìyí. Àmì p ń wí pé ìpínrọ̀ nìyí. Àmì ul ń wí pé àtòkọ nìyí. Àmì a ń wí pé ìjápọ̀ nìyí, pé ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ yóò bá ara rẹ̀ níbòmíràn.

Kò pẹ́ kò jìnnà tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹwà. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, tábìlì tí a dá sílẹ̀ fún títo iye àti orúkọ ni àwọn òǹkọ̀wé kóòdù sọ di ohun tí a fi ń pín ojú-ewé sí ọ̀tún àti òsì. Láti yanjú ọ̀ràn ẹwà ni Håkon Wium Lie, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, ṣe gbé àbá CSS kalẹ̀ ní 1994, tí a sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 1996. Pínpín iṣẹ́ ni àbá náà: kí HTML máa sọ ohun tí nǹkan jẹ́, kí CSS máa sọ bí yóò ṣe rí. Bí a bá fẹ́ fi ènìyàn ṣe àpẹẹrẹ, HTML ni ẹni náà, CSS ni aṣọ tí ó wọ̀.

Àmọ́ ibi tí a ti ń wá ìwòsàn ni àìsàn mìíràn gbà wọlé. Bí aṣọ bá ti lè sọ ẹnikẹ́ni di ohunkóhun, kí ni a tún ń fi orúkọ ṣe? Àmì kan wà nínú HTML tí ń jẹ́ div. Àpótí aláìlórúkọ ni. Kò sọ ohunkóhun nípa ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ a mú div, a fi lẹ́tà ńláńlá wọ̀ ọ́ láṣọ, ó di àkọlé lójú. A mú div mìíràn, a kùn ún ní àwọ̀ búlúù, a yí igun rẹ̀ po, ó di bọ́tìnnì lójú. Ní oṣù Kẹwàá 2014 ni a fọwọ́ sí HTML5, èyí tí ó mú orúkọ tuntun wá: header fún orí ojú-ewé, nav fún àtòkọ ìjápọ̀ tí a fi ń rìn kiri, main fún kókó ọ̀rọ̀, article fún ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró, footer fún ìsàlẹ̀. Orúkọ kò wọ́n wa mọ́. Síbẹ̀, àpótí aláìlórúkọ ṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tò lé ara wọn.

3. Ẹni tí ń fi etí kàwé

Ẹnikẹ́ni lè bèèrè pé, bí ó bá ti rí bí àkọlé lójú, kí ni ó kù? Ìdáhùn wà lọ́dọ̀ ẹni tí kì í fi ojú kàwé.

Ẹ̀rọ kan wà tí ń ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè sí etígbọ̀ọ́ ẹni tí kò ríran. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní ẹ̀rọ akàwé. Ted Henter, ará Amẹ́ríkà tí ìjàǹbá ọkọ̀ fọ́ lójú ní 1978, wà lára àwọn tí ó dá èyí tí ń jẹ́ JAWS sílẹ̀. Ní 1995 ni ó dé orí Windows. Ní 2006, Michael Curran bẹ̀rẹ̀ NVDA ní Australia, James Teh sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì kò ríran, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà fún gbogbo ayé. Láti 2009 ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wà nínú tẹlifóònù iPhone àti ti Android pẹ̀lú.

Ẹ̀rọ akàwé kò ní ojú. Kò mọ̀ pé lẹ́tà kan tóbi, kò sì mọ̀ pé àwọ̀ búlúù dára. Orúkọ tí ó wà nínú kóòdù ni ó ń gbọ́kàn lé. Bí ó bá dé ibi h1, yóò kéde pé àkọlé ìpele kìíní nìyí, kí ó tó ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí ẹni tí ń lò ó bá tẹ lẹ́tà H, yóò fò láti àkọlé kan dé èkejì. Bí ó bá tẹ lẹ́tà B, yóò fò láti bọ́tìnnì dé bọ́tìnnì. Bí àwa tí a ríran ṣe ń fi ojú fo ìwé ìròyìn láti wá ibi tí ó kàn wá, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òun ń fi àkọlé fò. Nínú ìwádìí tí àjọ WebAIM ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2024, ìdá 71.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń lo ẹ̀rọ akàwé ni ó wí pé àkọlé ni àwọn ń kọ́kọ́ fi wá ohun tí àwọn fẹ́ lórí ojú-ewé gígùn.

Ẹ wá ro ti ojú-ewé tí gbogbo àkọlé rẹ̀ jẹ́ div. Ẹni náà tẹ H, ẹ̀rọ dá a lóhùn pé kò sí àkọlé. Kò sí ohun tí ó kù fún un ju kí ó jókòó gbọ́ ojú-ewé náà láti òkè délẹ̀, bí ẹni tí a gbé ìwé fún tí a ti fa ojú-ewé ìtọ́kasí rẹ̀ ya.

4. Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kọ ojú-ewé fún àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, kí oníbàárà lè rí aṣọ-òkè wọn kí ó sì béèrè fún un. Irú ohun tí yóò kọ́kọ́ kọ nìyí:

<div class="nla">Aṣọ-òkè Ìsẹ́yìn</div>
<img src="aworan1.jpg">
<div>Orúkọ yín</div>
<input>
<div onclick="fi_ranse()">Ẹ fi ránṣẹ́</div>

Lójú, ó pé. Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ ọ létí. Ìlà kìíní kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ yòókù. Ní ti àwòrán, ẹ̀rọ lè máà sọ ju pé àwòrán wà, tàbí kí ó ka orúkọ fáìlì náà ní àkàgbé. Ní ti àyè ìkọ̀wé, ẹ̀rọ yóò wí pé àyè ìkọ̀wé nìyí, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí yóò fi mọ̀ pé orúkọ ni a ń béèrè, nítorí pé ohunkóhun kò so ọ̀rọ̀ náà mọ́ àyè náà. Èyí tí ó burú jù ni ti ìlà ìkẹyìn. Ẹni tí ń fi bọ́tìnnì Tab orí kíbọ́ọ̀dù rìn kò lè dé ibẹ̀ láéláé. Fífò ni Tab yóò fò ó. Oníbàárà náà ti kọ gbogbo ohun tí a béèrè tán, kò sì lè fi í ránṣẹ́. Kì í ṣe afọ́jú nìkan ni èyí ń dí lọ́wọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò lè darí máòsì, kíbọ́ọ̀dù ni òun náà gbára lé.

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí:

<h1>Aṣọ-òkè Ìsẹ́yìn</h1>
<img src="aworan1.jpg" alt="Sányán tí a ká sórí àga, àwọ̀ rẹ̀ bí ti iyanrìn">
<label for="oruko">Orúkọ yín</label>
<input id="oruko">
<button>Ẹ fi ránṣẹ́</button>

Kò sí ohun ìyanu kankan níbẹ̀. Iye ìlà kan náà ni. Pẹ̀lú CSS, a lè mú kí èkejì jọ èkíní lójú láìkù síbì kan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a ti wo ilé kí a tó sọmọ lórúkọ. Àmì button ń gba Tab, ó ń gba Enter, ó sì ń sọ fún ẹ̀rọ akàwé pé bọ́tìnnì ni òun, láìjẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ̀rọ̀ kan sí i.

Ọ̀rọ̀ tí a fi sí alt yẹ fún àfiyèsí díẹ̀. Bí a bá kọ "àwòrán" síbẹ̀, òfo ni. Ẹni tí ó fẹ́ ra aṣọ fẹ́ mọ̀ bóyá sányán ni, tàbí àlàárì tí ó pọ́n, tàbí ẹtù tí ó dú. Èyí ni ó yẹ kí a sọ. Bí àwòrán bá jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán, a ó kọ alt sílẹ̀ ní òfìfo, kí ẹ̀rọ lè kọjá lára rẹ̀ láìdá olùgbọ́ dúró.

Nǹkan mẹ́ta mìíràn tún wà. Èkíní, kí àkọlé máa tẹ̀lé ara wọn, h1, lẹ́yìn náà h2, lẹ́yìn náà h3. Kí a má ṣe yan h4 nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ kéré. Èkejì, kí ìjápọ̀ sọ ibi tí ó ń lọ. Ẹ̀rọ akàwé lè to gbogbo ìjápọ̀ ojú-ewé kan jọ fún olùgbọ́. Bí gbogbo wọn bá ń jẹ́ "Ẹ tẹ ibí", "Ẹ tẹ ibí", èwo ni yóò tẹ̀? Ẹ̀kẹta, kí àwọ̀ lẹ́tà yàtọ̀ dáadáa sí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlànà WCAG, tí ẹ̀dà 2.2 rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹwàá 2023, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ lẹ́tà ìwọ̀n lásán máà dín ní 4.5 sí 1. Lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí funfun lè dùn ún wò nínú yàrá. Ẹ gbé e sínú oòrùn ọ̀sán ní Ìsẹ́yìn, kí ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni yóò rí i kà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀ràn àwọn ọmọdé oníṣẹ́ nìkan ni mo ń sọ. Ní 2024, àjọ WebAIM fi ẹ̀rọ yẹ ojú-ewé àkọ́kọ́ ti ibùdó mílíọ̀nù kan wò. Ìdá 95.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní àṣìṣe tí ẹ̀rọ lè rí. Ìdá 81 ni lẹ́tà rẹ̀ kò hàn tó, ìdá 54.5 ni ó ní àwòrán tí kò ní alt, ìdá 48.6 ni ó ní àyè ìkọ̀wé tí kò lórúkọ. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kìíní ni gbogbo ìwọ̀nyí. Àwọn àgbà oníṣẹ́ ń ṣe àṣìṣe wọn nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹnìkan kò kọ́ wọn.

5. Ti èdè Yorùbá

Nínú ìwádìí kan náà, ìdá 17.1 ni kò sọ èdè tí a fi kọ ojú-ewé. Èyí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní òkè pátápátá kóòdù ni a ti ń sọ èdè, àmì tí a yàn fún Yorùbá káàkiri ayé sì ni yo. Ìlà tí ó yẹ kí a kọ ni <html lang="yo">. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe àdàkọ kóòdù láti inú ìwé ẹ̀kọ́ a máa bá "en" níbẹ̀, a sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ akàwé á wá fi ohùn àti òfin èdè Gẹ̀ẹ́sì ka Yorùbá, ohun tí yóò jáde kò sì ní yé baba, kò ní yé ọmọ. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ akàwé ni ó ní ohùn Yorùbá. Ṣùgbọ́n kò sí ohùn tí a lè yàn fún èdè tí a kò dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni láti dárúkọ.

Ọ̀ràn kejì ni ti àmì ohùn. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀, pé ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀, àti pé ọkọ́ tí a fi ń roko tún yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Láti ìpàdé àkọtọ́ tí a ṣe ní Èkó ní 1875 títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, a ti ṣe wàhálà púpọ̀ lórí bí a ó ṣe kọ èdè yìí sílẹ̀. Nítorí ìbẹ̀rù pé àmì yóò bàjẹ́, àwọn kan a máa ya àwòrán ọ̀rọ̀ Yorùbá, wọn a sì gbé àwòrán náà sórí ayélujára. Ojú rí i, ó dára. Lójú ẹ̀rọ akàwé, òfìfo ni. Kò sí ẹni tí ó lè wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè dà á kọ, kò sì sí ẹni tí ó lè mú un tóbi láìjẹ́ pé ó di bàìbàì. A fẹ́ dáàbò bo èdè wa, a sì fi í sẹ́wọ̀n.

Ẹ̀rù yìí kò nídìí mọ́. Unicode, ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ní àyè fún gbogbo ohun tí a nílò. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ẹ́ olóhùn òkè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà àti àmì ni a ń so pọ̀. Ibi tí ó yẹ kí a ṣọ́ra ni pé ọ̀nà ìsopọ̀ ju ẹyọ kan lọ, bí wọn kò tilẹ̀ yàtọ̀ lójú. Bí apá kan ìwé bá lo ọ̀nà kan, tí apá kejì lo òmíràn, ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ kan lè máà rí i, ọ̀rọ̀ náà sì wà níwájú rẹ̀. Kí a kọ <meta charset="utf-8"> sórí ojú-ewé, kí a sì yí gbogbo ọ̀rọ̀ sí ìlànà ìṣọ̀kan tí a ń pè ní NFC. Ó parí.

6. Àwọn àtakò

Àwọn kan ń wí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò pọ̀. N kò gbà. Láti 1962 ni ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ní Sùúrùlérè, ní Èkó, ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran. Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ àkàndá ẹ̀dá tí ó wà ní Ọ̀yọ́ sílẹ̀. A kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ìwé. Lẹ́yìn náà a gbé fọ́ọ̀mù yunifásítì tí wọn kò lè fi ránṣẹ́ sí iwájú wọn. Kí ni a wá kọ́ wọn sí? Òfin tí ó lòdì sí yíya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ sì ti wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní oṣù Kìíní 2019 ni ààrẹ buwọ́ lù ú.

Àwọn kejì ń wí pé àtúnṣe wà tí a lè fi lé div lórí, pé a lè kọ role="button" sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ yóò kéde pé bọ́tìnnì ni. Ṣùgbọ́n Tab kò ní dé ibẹ̀ síbẹ̀, Enter kò sì ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àfi bí a bá tún kọ kóòdù mìíràn. Oyè lásán ni a fi jẹ, a kò fún un ní iṣẹ́. Ìlànà àwọn tí ó dá irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gan-an ni pé, bí HTML bá ti ní orúkọ tí ó bá nǹkan mu, òun ni kí a lò.

Àwọn kẹta, tí olùkọ́ pọ̀ nínú wọn, ń wí pé ẹrù akẹ́kọ̀ọ́ ti wúwo jù, kí ó kọ́ ìyókù ná. Èrò yìí ni mo kà sí èyí tí ó léwu jù, nítorí pé àánú ni ó gbé wọ̀. Ṣùgbọ́n button kò gùn ju div lọ, h1 kò sì ṣòro kọ́ ju class lọ. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

7. Ìkádìí

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ odidi ojú-ewé pẹ̀lú orúkọ tí ó tọ́ kí ó tó fọwọ́ kan CSS rárá. Bí ojú-ewé bá ṣeé kà níhòòhò, aṣọ yóò yẹ ẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé máòsì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó fi Tab nìkan lo ohun tí ó kọ. Lẹ́yìn náà kí ó pa ojú dé, kí ó fi NVDA gbọ́ ọ. Àyẹ̀wò ẹ̀rọ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ inú alt jẹ́ òtítọ́. Ènìyàn ni yóò mọ̀ ọ́n. Kí àwa tí a ń gbé Yorùbá jáde sì kọ ọ́ ní lẹ́tà, kí a kọ lang="yo" sí i lórí.

A kò lè mọ ẹni tí yóò ka ohun tí a kọ, a kò sì lè mọ ẹ̀yà ara tí yóò fi kà á, bóyá ojú, bóyá etí, bóyá ìka ọwọ́. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni láti pe ohun gbogbo ní orúkọ tí ó ń jẹ́. Ẹni tí a bá pè lórúkọ ni ó ń dáhùn.